Orúkọ ti kó lọ, sáfà ò gbọ́

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé wẹ́ẹ̀bù sáìtì oníbàárà sórí sáfà yín, ẹ dúró gbọ́ ìtàn yìí. Àwọn dómèènì tẹ́ ẹ kọ síbẹ̀, ṣé ọ̀dọ̀ yín ni wọ́n ṣì ń júwe fáwọn èèyàn?

Láyé ARPANET, fáìlì kan ṣoṣo, HOSTS.TXT, ló ní orúkọ gbogbo kọ̀ǹpútà àti nọ́ńbà wọn. SRI ní Menlo Park, California ló ń tọ́jú ẹ̀, lábẹ́ Elizabeth Feinler. Tí nọ́ńbà yín bá yí padà, ẹ ó fi tó wọn létí, wọ́n á tún un kọ, kálukú á wá gba ẹ̀dà tuntun. Kọ̀ǹpútà pọ̀ títí, ọ̀nà yẹn ò gbà wọ́n mọ́.

Ní 1983, Paul Mockapetris gbé DNS kalẹ̀: kí kálukú máa kọ ti agbo ilé tiẹ̀. Ọgbọ́n yẹn wù mí gan-an.

Ibi tí mo ń bọ̀ rèé. Tẹ́lẹ̀, bráúsà lè wá sí nọ́ńbà kan láì sọ ẹni tó ń bá. HTTP/1.1, ní January 1997, sọ ọ́ di dandan kó dárúkọ lẹ́nu ọ̀nà. Ìyẹn ló jẹ́ kí ọgọ́rùn-ún sáìtì lè máa gbé nọ́ńbà kan ṣoṣo, bíi face-me-I-face-you. Àmọ́ àkọsílẹ̀ di méjì: sáfà mọ ẹni tó ní yàrá, DNS ló ń júwe ọ̀nà, ìkíní ò sì mọ ohun tí ìkejì ń ṣe. Oníbàárà lè kó lọ lóru, kí orúkọ ẹ̀ ṣì wà lára ilẹ̀kùn yín.

Ìyẹn ṣì kéré. Èyí tó ń bà mí lẹ́rù ni òdìkejì ẹ̀: ẹ ti dá sáfà padà, àmọ́ dómèènì ṣì ń júwe nọ́ńbà ẹ̀. Wọ́n á gbé nọ́ńbà yẹn fún àjèjì. Let's Encrypt, ibi tí DNS bá júwe ló ń lọ wò kó tó fúnni ní ìwé ẹ̀rí, torí náà àjèjì yẹn lè gbà á lórúkọ oníbàárà yín. Bráúsà ò ní kígbe. Àwọn èèyàn á sì máa tẹ nọ́ńbà káàdì wọn fún un.

Èmi, oṣooṣù ni mò ń kó gbogbo orúkọ inú Nginx jáde, màá fi `dig +short` bi wọ́n léèrè lọ́kọ̀ọ̀kan, màá fi ìdáhùn wé nọ́ńbà sáfà mi. Ẹ bi www náà. Ẹ bi AAAA: mo ti rí orúkọ tí IPv4 ẹ̀ wà lọ́dọ̀ mi, tí IPv6 ẹ̀ ṣì wà nílé àná, táwọn kan ń rí sáìtì tuntun, táwọn kan ń rí ti àtijọ́. Tí Cloudflare bá wà níwájú, nọ́ńbà Cloudflare ni dig máa fún yín, torí náà fáìlì kékeré kan ni mo máa ń fi sínú sáìtì, kí n wá fi `curl` pè é wò.

Èyí tí kò bá dọ́gba, mi ò kì í pa á rẹ́ lọ́jọ́ náà. Olówó ẹ̀ ni mo máa ń pè. Àwọn mìíràn ò kó lọ síbì kankan o, owó dómèènì wọn ló tán.