òdo

ọ̀rọ̀-orúkọ. Ohùn ìsàlẹ̀, ohùn àárín.

1. Nọ́ḿbà 0. *Bí a bá yọ méjì kúrò nínú méjì, òdo ni yóò kù.*

2. (ìṣirò) Iye tí a bá fi dípò x nínú pólínọ́míà tí èsì rẹ̀ yóò fi di 0. *Pólínọ́míà yìí ní òdo mẹ́ta.*

Lílò. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ń fi àmì ọ̀pọ̀ ya ìtumọ̀ méjèèjì sọ́tọ̀. Yorùbá kò ní irú àmì bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀-ìṣe ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà. *Pólínọ́míà náà jẹ́ òdo* túmọ̀ sí pé 0 ni èsì rẹ̀ níbi gbogbo. *Pólínọ́míà náà ní òdo* túmọ̀ sí pé ó di 0 níbì kan. Atúmọ̀ tí ó bá fi *jẹ́* rọ́pò *ní* ti ba ìmọ̀ náà jẹ́.

Níbi àwọn pólínọ́míà ọ̀tọ́gọ́nà, ti Legendre, Chebyshev, Jacobi, Laguerre àti Hermite, ni ewu yìí ti pọ̀ jù. Bí a bá sọ méjì tí ipele wọn yàtọ̀ di púpọ̀ mọ́ra, pẹ̀lú ìwọ̀n tí ó bá wọn mu, tí a sì ro gbogbo rẹ̀ pọ̀ láti ààlà kan dé èkejì, òdo ni àpapọ̀ (ìtumọ̀ 1). Òfin yìí ni ó mú kí èyí tí ipele rẹ̀ jẹ́ n ní òdo n gẹ́lẹ́ (ìtumọ̀ 2): nọ́ḿbà gidi ni gbogbo wọn, inú ààlà ni wọ́n wà, méjì kì í sì í wà lójú kan.

Ààlà Legendre ni −1 àti 1. Òdo P₂ wà ní −0.577 àti 0.577; ti P₃ wà ní −0.775, 0 àti 0.775. (Kí a kọ *òdo àárín P₃ wà ní 0*, pẹ̀lú fígọ̀, kí òdo má baà gun orí òdo.) Òdo P₂ bọ́ sínú àlàfo ti P₃, bí ìgbà tí àgbẹ̀ Ìkọ̀lé bá kọ ebè ọ̀wọ́ kejì sí ọ̀gangan àlàfo ọ̀wọ́ kìn-ín-ní. *Wọ́n bọ́ sínú àlàfo ara wọn* ni kí a lò. *Wọ́n tẹ̀lé ara wọn* kò tó.

Bí n ti ń ga, òdo ń sún mọ́ra létí ààlà. Ti Chebyshev rọrùn láti yà: kí a pín ààbọ̀ òbìrí sí ọ̀nà n dọ́gbadọ́gba, kí a mú àárín ìpín kọ̀ọ̀kan, kí a sì sọ ọ́ kalẹ̀ ṣánṣán sórí ìlà ìsàlẹ̀. Gauss ti fi hàn ní 1814 pé òdo n ti Legendre tó láti wọn àpapọ̀ pólínọ́míà tí ipele rẹ̀ dé 2n−1 láìṣì. Mẹ́ta péré tó fún ipele karùn-ún. Nítorí èyí ni onímọ̀ ẹ̀rọ fi ń kọ́ wọn.

*Gbòǹgbò* yẹ ìdọ́gba. *Òdo* yẹ pólínọ́míà fúnra rẹ̀.

Àmì ohùn. *Odò* ni omi tí ń ṣàn, *odó* ni a fi ń gúnyán. Láàárín Oyè, Ìkọ̀lé àti Ìdó, níbi tí iyán kì í ti í wọ́n, akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ tí a dá sílẹ̀ ní Oyè ní 2011 tí ó bá rí «odo marun-un» láìlámì yóò kọ́kọ́ rò pé ìnáwó ńlá kan wà nílé ẹnìkan.

Tún wo: gbòǹgbò, òfo, odó, odò.