Oje Ìbẹ́pẹ àti Ìrora Ìbàdí: Ìtàn Oògùn Kan tí ó Dé tí ó sì Lọ

Ẹ̀yin awo, ẹ̀yin olùwádìí, ẹ̀yin ọmọ ìṣẹ̀ṣe gbogbo, kò sí ìyá tí ó mọ ọbẹ̀ sè ní ilẹ̀ yìí tí kò mọ ohun tí ìbẹ́pẹ ń ṣe fún ẹran tí ó yi. Á gé èyí tí kò tíì pọ́n wẹ́wẹ́ sínú ìkòkò, tàbí kí ó fi ewé rẹ̀ wé ẹran náà mọ́jú. Bí ilẹ̀ bá fi máa mọ́, ẹran tí eyín àgbà kò lè já tẹ́lẹ̀ á ti rọ̀. Oje funfun tí ń ṣàn lára èso náà bí wàrà ni ó ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò gbọ́ rí ni pé láti ara oje yìí kan náà ni àwọn dókítà ti rí oògùn tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ gún sí àárín eegun ẹ̀yìn ènìyàn fún nǹkan bí 40 ọdún, kí wọ́n lè wo ìrora ìbàdí tí ń sọ̀ kalẹ̀ sí ẹsẹ̀ láìfi abẹ kàn án. Ìtàn yẹn ni a fẹ́ sọ. Ó kan yín, nítorí aláìsàn ìbàdí kì í wọ́n lẹ́nu ọ̀nà oníṣègùn.

Àwọn ènìyàn wa a máa pe gbogbo ìrora ìbàdí ní jẹ̀díjẹ̀dí, wọ́n á ní ṣúgà ni ó fà á. Àwọn mìíràn á ní làkúrègbé ni. A kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí orúkọ, ṣùgbọ́n èyí tí a ń wí yìí dá yàtọ̀. Láàrin eegun ẹ̀yìn kan àti èkejì, ohun kan wà níbẹ̀ bí tìmùtìmù. Etí rẹ̀ le bí okùn tí a hun, inú rẹ̀ rọ̀, omi sì pọ̀ níbẹ̀, bí ẹ̀kọ tí kò dì tán. Bí etí yẹn bá ya, ti inú á yọ síta, á sì máa yọ iṣan ìmọ̀lára tí ó gba ìdí lọ sí itan lẹ́nu, títí dé ọmọ ìka ẹsẹ̀. Ẹni tí ó ń ṣe á sọ fún yín pé ó ń jó òun bí iná láti ìdí dé ọrùn ẹsẹ̀, lẹ́sẹ̀ kan ṣoṣo lọ́pọ̀ ìgbà. Bí ó bá sín tàbí tí ó wúkọ́, ariwo ni.

Ó pẹ́ kí ayé tó mọ ibi tí ó ti ń wá. Domenico Cotugno, dókítà ará Naples ní Ítálì, kọ ìwé ní 1764 pé iṣan ni ó ń dun irú aláìsàn bẹ́ẹ̀, pé kì í ṣe oríkèé ìdí. Ó di 1934 kí William Mixter àti Joseph Barr ní Boston tó fi hàn gbangba pé tìmùtìmù tí ó ya ni ó sábà máa ń tẹ iṣan náà, àti pé bí a bá la ẹ̀yìn tí a sì yọ ohun tí ó tú jáde, ara á fúyẹ́. Láti ìgbà náà ni abẹ ti jọba. Ẹni tí kò bá fẹ́ abẹ, wọ́n á ní kí ó lọ dùbúlẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí ó má mira.

Ibi tí ìbẹ́pẹ ti wọ ọ̀rọ̀ náà, ehoro ni ó mú un wọlé. Ní 1941 àwọn onímọ̀ méjì ní Amẹ́ríkà, Jansen àti Balls, ti ya ohun kan sọ́tọ̀ nínú oje ìbẹ́pẹ, wọ́n sọ ọ́ ní chymopapain. Kò sí ẹni tí ó ronú ẹ̀yìn nígbà náà. Ní 1956 ni dókítà kan tí ń jẹ́ Lewis Thomas tẹ ìròyìn kan jáde: ó ti gún oje ìbẹ́pẹ sí iṣan ẹ̀jẹ̀ ehoro, láàrin wákàtí díẹ̀ etí ehoro tí ó máa ń dúró ṣánṣán bá wó lulẹ̀ bí ewé tí oòrùn pa. Ehoro kò kú o. Ó ń jẹun, ó ń fò kiri. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, etí tún dìde. Oògùn náà ti tú ohun tí ó mú eegun rírọ̀ inú etí le, ara sì ti ṣe òmíràn rọ́pò. Àwọn kan rí èyí wọ́n rẹ́rìn-ín. Lyman Smith, dókítà eegun ní Illinois, kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó ronú pé inú tìmùtìmù ẹ̀yìn fi ara jọ inú etí ehoro. Ó kọ́kọ́ dán chymopapain wò ní ẹ̀yìn ehoro, ó bọ́ sórí ènìyàn ní 1963, ó sì tẹ iṣẹ́ náà jáde ní 1964.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Aláìsàn á fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, dókítà á máa wo fọ́tò X-ray, á ti abẹ́rẹ́ gígùn gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀yìn wọlé títí á fi dé àárín tìmùtìmù náà gan-an. Oògùn á tú ohun tí ń di omi mú níbẹ̀, omi á jò lọ, tìmùtìmù á sún kì, iṣan á sì rí àyè mí. Kì í jẹ etí líle yẹn. Ṣé ẹ rí i pé iṣẹ́ inú ìkòkò ọbẹ̀ kọ́ ni èyí? Oje kan náà ni, ṣùgbọ́n ìwọ̀n rẹ̀, mímọ́ rẹ̀ àti ibi tí a fi í sí ti yàtọ̀ pátápátá.

Ìdánwò tí wọ́n kọ́kọ́ fi wé abẹ́rẹ́ tí kò ní oògùn náà nínú ní Amẹ́ríkà kò gbè é, wọ́n bá fà á sẹ́yìn ní 1975. Ní Kánádà wọ́n ń lò ó lọ. Nígbà tí ó di 1982, Robert Fraser ní Australia kó 60 aláìsàn jọ, ó gún ìdajì wọn ní oògùn, ó gún ìdajì ní omi iyọ̀, aláìsàn kò mọ èyí tí òun gbà, ẹni tí ń yẹ̀ ẹ́ wò kò mọ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, 80 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó gba oògùn ní ara àwọn yá, 57 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó gba omi iyọ̀ sì ní bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́. Nígbà tí ọdún mẹ́wàá kọjá, àwọn tó gba oògùn ṣì ń borí. Ọdún 1982 náà ni ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i, gbogbo ènìyàn sì rọ́ lọ gbà á.

Ọ̀fọ̀ náà kò pẹ́. Ara àwọn kan kọ ọ́ lójijì, èémí há, ẹ̀jẹ̀ já wálẹ̀, àwọn kan sì kú. Níbòmíràn, abẹ́rẹ́ ṣìnà, oògùn wọ ibi tí mùdùnmúdùn ẹ̀yìn wà, ẹsẹ̀ rọ. Láàrin 1982 sí 1991, nínú nǹkan bí 135,000 ènìyàn tí wọ́n gún ní Amẹ́ríkà, ìròyìn jàǹbá ńlá 121 ni wọ́n kọ sílẹ̀. Kò tó ẹnì kan nínú 1,000. Iṣẹ́ abẹ náà ní jàǹbá tirẹ̀, jàre. Ní èrò tiwa, kì í ṣe ewu nìkan ni ó pa oògùn yìí. Abẹ tí ó kéré, tí kò la ẹ̀yìn gbọ̀ọ̀rọ̀ mọ́, ti dé, ọjà oògùn náà sì ti tutù. Ní 2003 wọn kò tà á ní Amẹ́ríkà mọ́. Ọ̀nà náà kò parun ṣá: ní 2018 Japan fọwọ́ sí abẹ́rẹ́ mìíràn tí ń jẹ́ condoliase, tí ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà, ara kòkòrò àìfojúrí ni wọ́n ti mú un, kì í ṣe ara ìbẹ́pẹ.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó mú wa lọ́kàn jù nínú gbogbo rẹ̀ ni omi iyọ̀ yẹn. Kí ló wo àwọn 57 nínú ọgọ́rùn-ún? Láti bí 1980 síwájú, nígbà tí àwọn ẹ̀rọ tí ń ya fọ́tò inú ara dé, wọ́n rí i pé ohun tí ó tú jáde láti inú tìmùtìmù a máa sún kì fúnra rẹ̀. Ara ń rán àwọn ọ̀jẹun tirẹ̀ lọ bá a, wọ́n á jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Èyí tí ó já bọ́ pátápátá, tí ó burú lójú, ni wọ́n sábà máa ń jẹ jù. Iṣẹ́ tí wọ́n rán ìbẹ́pẹ, ara ti ń jẹ́ ẹ tẹ́lẹ̀, ìyára nìkan ni kò ní.

Ẹ wo Henrik Weber ní Oslo. Ní 1983 ó ròyìn aláìsàn 126 tí wọ́n ṣẹ́ kèké fún, àwọn kan gba abẹ, àwọn kan kò gbà. Lẹ́yìn ọdún kan àwọn tó gba abẹ sàn jù, lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá kò sí ìyàtọ̀ mọ́. Ní Holland, 2007, wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún 283 ènìyàn: lẹ́yìn ọdún kan, 95 nínú ọgọ́rùn-ún ní apá méjèèjì ní ara àwọn ti yá. A kò ní fi èyí pẹ̀gàn abẹ o, nítorí àwọn tó tètè gbà á tètè bọ́ nínú ìrora, àti pé 39 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n dúró kò lè dúró tán, wọ́n gba abẹ gbẹ̀yìn. Ti orí bẹ́ẹ̀dì yẹn ńkọ́? Ní Holland kan náà, 1999, aláìsàn 183: àwọn tó dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì kò sàn ju àwọn tó ń rìn káàkiri lọ.

Nítorí náà, bí ẹnì kan bá wá bá yín pẹ̀lú ìrora ìbàdí tí ó gba ẹsẹ̀, ẹ má ní kí ó sùn sílé fún oṣù kan. Kí ó máa rìn níwọ̀n, kí ó yé gbé ẹrù wúwo, kí ó lo oògùn ìrora tí dókítà bá fún un, kí ó fún ara ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí méjìlá. Kí ẹnikẹ́ni má sì tìtorí ìtàn yìí fi oje ìbẹ́pẹ sí gbẹ́rẹ́ ìbàdí. Oje yẹn ń bó awọ ara, kò sì lè dé ibi tí a ń wí.

Àwọn kan wà tí a kò gbọ́dọ̀ dá dúró rárá. Bí ibi tí ara fi ń kan gàárì ẹṣin bá kú, tí ènìyàn kò mọ ìgbà tí ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ ń bọ̀ mọ́, tàbí tí ìtọ̀ kọ̀ tí kò jáde, tàbí tí ẹsẹ̀ ń rọ tí bàtà ń wọ́ nílẹ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àgbo, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀la. Ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tí wọ́n ti lè ṣiṣẹ́ abẹ ẹ̀yìn, kí ẹ sì sọ fún dókítà ohun tí ẹ rí àti wákàtí tí ó bẹ̀rẹ̀.