Ọ̀kẹ́rẹ́ Aláwọ̀ Eérú: Àlejò Inú Igbó Ìlú Ọba

Ọmọ Yorùbá tó bá ń gbé London mọ ẹranko yìí dáadáa. Òun ló máa ń sáré gba orí ọgbà ẹ̀yìnkùlé, tó máa ń nàró lórí ẹsẹ̀ méjì ní ọgbà ìgbafẹ́, tó ń retí ẹ̀pà lọ́wọ́ ẹni tó ń kọjá. Ọ̀pọ̀ ló rò pé ibẹ̀ ni wọ́n bí baba ńlá rẹ̀ sí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀kẹ́rẹ́ aláwọ̀ eérú, tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè ní Sciurus carolinensis, ọmọ ìlà-oòrùn Àríwá Amẹ́ríkà ni, láti gúúsù Kánádà títí dé Florida àti Texas. Èèyàn ló gbé e sọdá òkun. Wọn ò gbé e nítorí ẹran tàbí nítorí awọ. Ẹwà rẹ̀ ni wọ́n fẹ́ máa wò.

Ìwọ̀n rẹ̀ sábà máa ń wà láàárín 400 sí 600 gíráàmù. Irun ẹ̀yìn rẹ̀ jọ eérú, ikùn rẹ̀ funfun, ìrù rẹ̀ sì kún fọ́fọ́. A máa ń rí èyí tó dúdú kirikiri nínú wọn pẹ̀lú. Ẹ̀yà kan náà ni. Abo lè bímọ lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, oyún rẹ̀ kò sì ju nǹkan bí ọjọ́ 44 lọ. Nígbà tí èso bá ń já, á máa bò wọ́n mọ́lẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan káàkiri igbó. Ìrántí àti imú ló fi ń wá wọn rí nígbà òtútù. Èyí tó bá gbàgbé a máa hù, a sì di igi. Ní Amẹ́ríkà, olùgbin igbó ni ọ̀kẹ́rẹ́ yìí, àṣá àti kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ sì ń pa á jẹ níbẹ̀, kí iye rẹ̀ má bàa kọjá ohun tí igbó lè gbà. Àwọn tó gbé e wọkọ̀ ojú omi kò gbé ètò yẹn mọ́ ọn.

Ìtúsílẹ̀ àkọ́kọ́ tí àkọsílẹ̀ wà fún ni ti ọdún 1876, nígbà tí ọlọ́rọ̀ kan, Thomas Brocklehurst, tú ọ̀kẹ́rẹ́ méjì sínú ọgbà Henbury Park ní Cheshire. Ní 1890, wọ́n tú mẹ́wàá sílẹ̀ ní Woburn, ilé ìdílé àwọn Duke ti Bedford. Herbrand Russell, tó jẹ Duke kọkànlá nínú wọn, fẹ́ràn ẹranko náà débi pé ó ń fi í ta àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́rẹ káàkiri ilẹ̀ náà. Ní 1911, wọ́n kó wọn dé Castle Forbes ní Ireland, ìtàn sì sọ pé ẹ̀bùn ìgbéyàwó ni. Fún ìgbà pípẹ́ ni àwọn èèyàn gbà pé ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi gba ilẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí Lisa Signorile, onímọ̀ kan ní Imperial College, yẹ àbùdá wọn wò, ó rí i pé àwọn ti agbègbè kan kì í sábà bá ti agbègbè kejì mu. Èèyàn ló ń gbé wọn láti ibì kan dé ibòmíràn. Lójú tèmi, kò yẹ ká di ẹ̀bi yìí ru ẹranko.

Ilẹ̀ tó bọ́ sí kì í ṣe òfìfo. Ọ̀kẹ́rẹ́ pupa ti wà níbẹ̀ láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, ó kéré lára, irun ṣóńṣó etí rẹ̀ sì gùn. Nínú ìṣirò tó jáde ní 2018, aláwọ̀ eérú tó wà ní erékùṣù Bìrìtéènì tó mílíọ̀nù 2.7, pupa kò ju nǹkan bí 287,000 lọ, Scotland ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn sì wà.

Àwọn kan máa ń sọ pé ṣe ni aláwọ̀ eérú ń lé pupa bá, tó ń pa á. Àṣìsọ ni. Ìdí oúnjẹ ni ọ̀ràn náà ti bẹ̀rẹ̀. Èso igi oak ní èròjà kíkorò kan, tannin, tí inú ọ̀kẹ́rẹ́ pupa kò fi bẹ́ẹ̀ gbà; inú aláwọ̀ eérú gbà á dáadáa. Ó tún máa ń ká èso hazel kó tó gbó, tó fi jẹ́ pé nígbà tí pupa bá fi máa dé ìdí igi, kò ní bá nǹkan kan mọ́. Ìyá tí kò rí jẹ kò ní lókun láti bímọ, ọmọ tí kò yó kò ní la òtútù já. Ẹ̀jẹ̀ ò ta sílẹ̀, síbẹ̀ lẹ́yìn bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, igbó lè má ní pupa kankan mọ́. Igbó bíi Kielder ní àríwá Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí igi rẹ̀ kì í so ju èso wẹ́wẹ́ lọ, ni ara kékeré pupa ti wá di àǹfààní.

Èkejì burú ju ti oúnjẹ lọ. Àrùn kan wà tí a lè pè ní ṣànpọ̀nná ọ̀kẹ́rẹ́. Fáírọ́ọ̀sì ló ń fà á. Aláwọ̀ eérú ń gbé e kiri, kì í sì í ṣe é ní nǹkan kan. Bó bá ran pupa, egbò á bo ìpéǹpéjú, imú, ẹnu àti ọmọ ìka rẹ̀. Kò ní ríran mọ́, kò ní lè jẹun, láàárín bí ọ̀sẹ̀ méjì ó ti kú. Níbi tí àrùn yìí bá wọ̀, pupa máa ń tán nílẹ̀ kíákíá ju ibi tó jẹ́ oúnjẹ nìkan ni wọ́n ń dù lọ.

Igi pàápàá ń jìyà lọ́wọ́ aláwọ̀ eérú. Láti ìparí oṣù kẹrin títí di oṣù keje, ọ̀kẹ́rẹ́ yìí máa ń bó èèpo igi beech, sycamore àti oak tó ṣì kéré, kó lè jẹ ohun tútù abẹ́ èèpo. Tó bá bó o yí igi po, òkè ibẹ̀ á kú. Ìdí nìyí tí àwọn kan tó nílẹ̀ kò fi gbin irú igi bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ìjọba ti gbìyànjú. Òfin 1937 sọ ọ́ di èèwọ̀ láti kó o wọ̀lú tàbí láti sìn ín láìgba àṣẹ. Láti 1953 títí di 1958, ẹni tó bá mú ìrù ọ̀kẹ́rẹ́ wá máa ń gba ṣílè kan, tó padà di méjì. Àwọn baba wa ní ọ̀kẹ́rẹ́ gorí ìrókò, ojú ọdẹ dá. Ti Ìlú Ọba tún ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí ibi tí wọ́n bá ti pa wọ́n tán lónìí, àwọn ti igbó kejì á ti kún un lọ́la. Ní báyìí, àwọn onímọ̀ ìjọba ń ṣèwádìí oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí tí wọ́n lè fi sínú oúnjẹ wọn.

Kì í ṣe Ìlú Ọba nìkan ni wọ́n kó o dé. Ní Ítálì, ọ̀kẹ́rẹ́ mẹ́rin tí wọ́n tú sílẹ̀ ní Stupinigi, nítòsí Turin, ní 1948 ló bẹ̀rẹ̀ tiwọn. Nígbà tí wọ́n fẹ́ pa wọ́n run ní 1997, àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ ẹranko gbé ọ̀rọ̀ lọ sílé ẹjọ́. Kí ẹjọ́ tó parí, wọ́n ti pọ̀ kọjá agbára. Ti Cape Town yàtọ̀. Cecil Rhodes ló kó wọn débẹ̀, àmọ́ wọn kò lè jìnnà sí igi oak àti pine tí àwọn òyìnbó gbìn, torí igbó ìbílẹ̀ ibẹ̀ kò ní oúnjẹ wọn.

Ibi tí ojú ọdẹ ti dá, ẹranko kan ń ṣe é. Pine marten, apẹran-jẹ tó tóbi tó ológbò, ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parun ní Ireland kí òfin tó dáàbò bò ó. Bó ṣe ń pọ̀ sí i ní àárín gbùngbùn ilẹ̀ náà, aláwọ̀ eérú ń dín kù, pupa sì ń padà wá. Ìwádìí Emma Sheehy àti Colin Lawton tó jáde ní 2014 ló fi èyí hàn. Pupa ti mọ òórùn ọ̀tá yìí láti ayébáyé, ó sì máa ń ṣọ́ra tó bá gbọ́ ọ. Aláwọ̀ eérú kò bìkítà. Láti 2015 sí 2017, wọ́n kó pine marten láti Scotland lọ sí igbó Wales.

Ní Wales yìí náà ni erékùṣù Anglesey wà, níbi tí pupa ti kù sí nǹkan bí ogójì nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi pańpẹ́ mú aláwọ̀ eérú ní 1998. Ó gbà wọ́n ní bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí wọ́n tó mú wọn tán, pupa sì pọ̀ sí i débi pé ó sọdá sí òdìkejì omi. Afárá méjì ló so erékùṣù náà mọ́ ilẹ̀ ńlá, aláwọ̀ eérú sì lè gba orí wọn wọlé, kó gbé ṣànpọ̀nná dání. Nítorí náà ni àwọn ará ibẹ̀ kò fi tíì ká pańpẹ́ wọn kúrò.