Ìmọ̀ Ìṣirò àti Àríyànjiyàn Lórí Àṣàyàn Agbo, 1871 sí 1975

Ìfáárà
Àwọn àgbà ní àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé aṣoore ni ìyà ń jẹ, tí anìkànjọpọ́n sì ń jèrè, kí ni kò jẹ́ kí ìwà oore tán láyé? Nínú ìwé tí Charles Darwin kọ lórí ìran ènìyàn ní 1871, ó ní ẹ̀yà tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń ran ara wọn lọ́wọ́ yóò borí ẹ̀yà tí kò ṣe bẹ́ẹ̀. Èrò yìí ni a pè ní àṣàyàn agbo níhìn-ín. A fẹ́ wo ohun tí ìmọ̀ ìṣirò ṣe sí i, àti ibi tí agbára rẹ̀ mọ.

Àríyànjiyàn náà
Ní 1962, V. C. Wynne-Edwards, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Aberdeen, kọ ọ́ pé àwọn ẹranko a máa dín ọmọ bíbí kù kí oúnjẹ agbo má baà tán. Ọ̀pọ̀ kò gbà fún un. Ní 1964, John Maynard Smith ṣe ìṣirò lórí èkúté inú òkìtì koríko. Ó rí i pé ó ṣọ̀wọ́n kí oore tó lè borí lọ́nà bẹ́ẹ̀. George Williams náà ta ko èrò yìí ní 1966.

Ìṣirò Price
George Price, ará Amẹ́ríkà tí ó ṣí lọ sí London ní 1967, gbé ìṣirò ìdọ́gba kan jáde ní 1970. Ní 1972 ó fẹ̀ ẹ́ lójú. Ó pín ìyípadà ìwà sí ọ̀nà méjì: èyí tí ó wà láàrin agbo kan sí òmíràn, àti èyí tí ó wà nínú agbo kọ̀ọ̀kan. W. D. Hamilton, tí ó ti gbé àlàyé tirẹ̀ ka orí ìbátan ní 1964, lo ìṣirò yìí ní 1975.

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ là á. Agbo kìíní ní aṣoore 8 àti anìkànjọpọ́n 2. Agbo kejì ní aṣoore 2 àti anìkànjọpọ́n 8. Ní agbo kìíní, aṣoore kọ̀ọ̀kan bí 3, anìkànjọpọ́n bí 4. Ní agbo kejì, aṣoore bí 1, anìkànjọpọ́n bí 2. Ọmọ sì jọ òbí. Aṣoore dín kù nínú agbo méjèèjì: láti 80 sí 75 nínú 100, àti láti 20 sí bí 11. Síbẹ̀, bí a bá da gbogbo ọmọ pọ̀, aṣoore jẹ́ 26 nínú 50, ó ju ìdajì tí wọ́n jẹ́ tẹ́lẹ̀ lọ.

Ìgúnlẹ̀
Ìṣirò yìí fi hàn pé ohun tí àwọn ọ̀tá èrò náà sọ nípa inú agbo lè jẹ́ òótọ́, kí oore sì tún gbilẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sọ ìdí tí agbo kan fi ń bí ju èkejì lọ. Bí àwọn agbo náà bá sì dá wà títí láìpòpọ̀, anìkànjọpọ́n ni yóò borí. Ìṣirò ń sọ ohun tí a ó wá. Ojú tí ó bá wo ẹranko nínú igbó ni yóò sọ bóyá ó wà níbẹ̀. Ẹni tí ó bá ní ìṣirò ti parí ìjà náà kò tíì kà á dáadáa.