Dì

Ẹ̀kọ dì, ẹ̀jẹ̀ dì, omi dì: ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ohun tó ń ṣàn ti dúró. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ta omi tútù ní Sango-Ọ̀tà lè yọ ike omi kan nínú fíríìsà, kó ṣì máa ṣàn. Bó bá gbá a mọ́ tábìlì, yìnyín á ràn ká inú rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Omi náà ti tutù kọjá 0°C, kò kàn rí ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ ni. Fahrenheit, onímọ̀ físíìsì, kọ nípa rẹ̀ ní 1724. Àmọ́ àìdì yìí láàlà: ní àyíká -40°C, omi tó mọ́ gaara pàápàá á dì. A tún máa ń di ẹrù, ọ̀rọ̀ náà sì bá omi tó dì mu gan-an: ẹyọ omi kéékèèké ló ń so ara wọn pọ̀.