Àṣírí Tí Wọn Kò Fi Pamọ́: Bí Dẹ́ńmáàkì Ṣe Sọ Afẹ́fẹ́ Di Iná

Ní ìparí ọdún 1973, ìjọba Dẹ́ńmáàkì fòfin de wíwa ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ní ọjọ́ Àìkú. Ogun ti bẹ́ sílẹ̀ láàárín Ísírẹ́lì àti àwọn Lárúbáwá, epo rọ̀bì sì ti wọ́n gógó. Ohun tó ju ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá agbára tí orílẹ̀-èdè kékeré yìí ń lò ló ń ti inú epo tí wọ́n rà láti òkèèrè wá. Lónìí, tí a bá ṣírò iná tí ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ wọn ń pèsè lọ́dún, ó ju ìdajì iná mànàmáná tí wọ́n ń lò lọ. Báwo ni wọ́n ṣe dé ibẹ̀? Ìtàn wọn fi hàn pé kì í ṣe ilé-iṣẹ́ ńlá kan ṣoṣo ló ṣe é. Olùkọ́, alágbẹ̀dẹ, àgbẹ̀ àti ìjọba ló pawọ́ pọ̀, wọn kò sì fi àṣìṣe wọn pamọ́ fún ara wọn.

Ilé ìwé ni ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1891, olùkọ́ kan tó ń jẹ́ Poul la Cour kọ́ ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ tó ń mú iná mànàmáná wá sí ilé ìwé àwọn ọ̀dọ́ tó wà ní abúlé Askov. Afẹ́fẹ́ kì í fẹ́ nígbà gbogbo, nítorí náà ó fi iná náà ya omi sí gáàsì, ó sì ń fi gáàsì yìí tan àtùpà ilé ìwé. La Cour kò fi ìmọ̀ yìí ṣe ti ara rẹ̀ nìkan. Láti ọdún 1904, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọ̀dọ́ abúlé ní iṣẹ́ iná. Ọ̀kan nínú wọn ni Johannes Juul.

Juul ti di àgbà ẹnjiníà ní ilé-iṣẹ́ iná kan kí ó tó san gbèsè ẹ̀kọ́ yẹn. Ní ọdún 1957, ó kọ́ ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ alápá mẹ́ta sí Gedser, ní ìpẹ̀kun gúúsù ilẹ̀ náà. Agbára rẹ̀ jẹ́ 200 kílówáàtì. Ó ṣe ṣóńṣó apá ẹ̀rọ náà lọ́nà tí yóò fi yí padà fúnra rẹ̀ láti dá ẹ̀rọ dúró bí eré rẹ̀ bá pọ̀ jù. Ẹ̀rọ yìí ṣiṣẹ́ fún nǹkan bí ọdún mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n epo pọ̀ lọ́jà nígbà náà, kò sì wọ́n, ni wọ́n bá pa á tì ní ọdún 1967.

Nígbà tí epo wá wọ́n, àwọn ènìyàn rántí Gedser. Christian Riisager, tó jẹ́ káfíńtà, kọ́ ẹ̀rọ kékeré tó tẹ̀lé àpẹẹrẹ ti Juul. Ní Tvind, àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ kó ara wọn jọ láti ọdún 1975 sí 1978, wọ́n sì kọ́ ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ ńlá kan tó ṣì dúró títí di òní. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Henrik Stiesdal, àti alágbẹ̀dẹ Karl Erik Jørgensen ṣe ẹ̀rọ tiwọn. Ní ọdún 1979 ni ilé-iṣẹ́ Vestas gba àṣẹ lọ́wọ́ wọn láti máa ṣe irú rẹ̀ tà. Irinṣẹ́ oko ni Vestas ń ṣe tẹ́lẹ̀. Nordtank ń ṣe táńkì epo. Àwọn tó dá Bonus sílẹ̀ ń ṣe ẹ̀rọ tí a fi ń bomi rin oko. Irin ni gbogbo wọn mọ̀ ọ́n ṣe. Ti afẹ́fẹ́ ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́.

Ibí yìí gan-an ni kókó ọ̀rọ̀ wà. Àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ àti àwọn tó ń rà á máa ń pàdé láti jíròrò. Ní ọdún 1978, àwọn tó ni ẹ̀rọ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Ìwé ìròyìn wọn ń tẹ iye iná tí àwọn ẹ̀rọ ń mú wá jáde, ó sì ń sọ èyí tó bàjẹ́ àti ohun tó bà á jẹ́. Bí ìjì bá jà tí bíréèkì ẹ̀rọ kan kò sì mú un, gbogbo ilẹ̀ náà ni yóò gbọ́. Ẹni tó ń ta ẹ̀rọ tí kò dára kò rí ibi sá sí, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ ṣàtúnṣe mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀.

Ìjọba náà dá tirẹ̀ sí i. Ní ọdún 1978, wọ́n dá ibùdó ìdánwò sílẹ̀ ní Risø. Láti ọdún 1979, ìjọba ń dá ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá owó ẹ̀rọ padà fún ẹni tó bá rà á, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí Risø bá fọwọ́ sí nìkan ni. Bíréèkì tó dájú wà lára ohun tí wọ́n ń yẹ̀ wò. Bẹ́ẹ̀ ni ọgbọ́n Juul ṣe padà dé.

Jámánì gba ọ̀nà mìíràn. Pẹ̀lú owó ìjọba, wọ́n kọ́ ẹ̀rọ ràgàjì kan tí wọ́n ń pè ní Growian, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1983. Kò fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ kí wọ́n tó tú u palẹ̀ ní ọdún 1988. Wọ́n fẹ́ fò kí wọ́n tó rìn.

Kì í ṣe pé ọ̀nà Dẹ́ńmáàkì tẹ́jú. Ọjà Amẹ́ríkà tí wọ́n gbójú lé dà rú, Vestas pàápàá sì wọ gbèsè ní ọdún 1986, ó di dandan kí wọ́n tún un tò. Síbẹ̀, ìmọ̀ tó ti tàn káàkiri kò bá gbèsè lọ. Ní ọdún 1991, wọ́n ri ẹ̀rọ 11 sínú òkun ní Vindeby, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní àgbáyé. Ní ọdún 2000, ogún ẹ̀rọ dìde sínú omi ní Middelgrunden, lẹ́bàá Copenhagen. Ìdajì wọn jẹ́ ti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ lé ní 8,000.

Kí ló wá kan àwa nínú ọ̀rọ̀ yìí? Bàbá mi ra bátìrì tó ń lo iná oòrùn, kò pé ọdún kan tó fi kú. Ojú tì wọ́n, wọn kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Lóṣù kejì, bàbá tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ ilé wa lọ ra irú rẹ̀ gan-an, tiwọn náà sì kú. Owó ilé méjì ṣòfò lórí ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo, ẹni tó tà á kò sì gbọ́ nǹkan kan tí yóò mú un ṣàtúnṣe.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Gbogbo wa la mọ òwe yẹn. Ohun tí mo kọ́ lára àwọn ará Dẹ́ńmáàkì ni pé ọwọ́ kò lè gbá jọ bí olúkúlùkù bá fi tirẹ̀ tó gbọgbẹ́ pamọ́ sínú àpò. Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ilé ìwé wa, bíi ti Askov: kí a ní ìwé kan tí a ó máa kọ ohun tó ṣiṣẹ́ sí, kí a sì kọ ohun tó bàjẹ́ sí i pẹ̀lú. Mo ti bẹ bàbá mi pé ti bátìrì wa ni kí ó ṣáájú.