Ta Ni Yóò Gbé Ẹrù Arìnrìn-àjò? Ìtàn Ínṣọ́ránsì àti Àpò Ẹgbẹ́ Nígbà Àjàkálẹ̀ Àrùn

Àwọn àgbà ní àjò kì í dùn kí onílé má relé. Gbogbo àwa ọmọ Yorùbá tí a wà ní Abidjan àti agbègbè rẹ̀ la mọ̀ pé òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Bí a bá bímọ, a ó relé. Bí òbí bá papò dà, a ó relé. Bí Iléyá tàbí Kérésìmesì bá dé, a ó di ẹrù, a ó kó ọmọ, a ó relé. Ohun tí a kì í sábà jókòó rò ni ẹni tí yóò gbé ẹrù náà bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà.

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo fẹ́ fi ìwé ọdún yìí bá yín sọ. Èmi kò kàwé púpọ̀. Inú ọjà ni mo ti kọ́ ìṣirò, inú ìwé tí mo ń rà kà lálaalẹ́ ni mo ti kọ́ ìtàn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí kàn mí gan-an, nítorí ọwọ́ mi wà nínú àṣìṣe kan tí mo máa sọ kí n tó parí.

ỌNÀ TÍ À Ń TỌ̀

Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ láti Èjìgbò wá sí Abidjan yóò kọjá ẹnubodè mẹ́rin. Yóò gba Sèmè wọ Benin, yóò gba Hilla-Condji wọ Togo, yóò gba Aflao wọ Ghana, yóò sì gba Elubo bọ́ sí Noé ní ilẹ̀ Côte d'Ivoire. Ìdí tí a fi lè ṣe bẹ́ẹ̀ láìgba físà ni àdéhùn ECOWAS. Èkó ni wọ́n ti dá ECOWAS sílẹ̀ ní ọjọ́ 28 oṣù karùn-ún ọdún 1975. Ní ọdún 1979 wọ́n fọwọ́ sí i pé ọmọ orílẹ̀-èdè kan lè wọ òmíràn fún 90 ọjọ́ láìní físà.

Ní ọdún 1982, wọ́n tún pàdé ní Cotonou, wọ́n ṣe àdéhùn ínṣọ́ránsì ọkọ̀ tí a mọ̀ sí Brown Card. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé bí ọkọ̀ tó ti orílẹ̀-èdè kan wá bá ṣe ẹlòmíràn léṣe ní orílẹ̀-èdè kejì, ínṣọ́ránsì ọkọ̀ náà yóò san gbà-máà-bínú fún ẹni náà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fetí sí i dáadáa. Ọ̀rọ̀ jàǹbá ọkọ̀ ni. Bí ibà bá dá ọmọ rẹ dùbúlẹ̀ ní Lomé, Brown Card awakọ̀ kò mọ̀ ọ́n rí. Bí wọ́n bá ti ẹnubodè mọ́ ọ sẹ́yìn, kò kàn án. Mo ti rí ọ̀pọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ wa tó gbà pé bí awakọ̀ bá ti ní káàdì yẹn, gbogbo èrò inú ọkọ̀ ti ní ínṣọ́ránsì ìrìn-àjò. Kò rí bẹ́ẹ̀.

ÀRÙN TÓ BÁ WA WỌ ỌKỌ̀

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1918, ọkọ̀ ogun ojú omi àwọn Gẹ̀ẹ́sì kan tí ń jẹ́ Mantua gúnlẹ̀ sí Freetown, fulú sì ti dá àwọn atukọ̀ inú rẹ̀ dùbúlẹ̀. Láti ibẹ̀ ni àrùn náà ti bá ọkọ̀ ojú omi dé etíkun Gold Coast, tí à ń pè ní Ghana lónìí. Nígbà tó fi di oṣù kẹsàn-án, ó ti dé Èkó. Reluwé tó ti dé Kano láti ọdún 1912 ló gbé e wọ àárín ìlú lọ. Lúkúlúkú ni àwọn bàbá wa pè é. Àwọn òpìtàn ṣírò rẹ̀ pé ó pa nǹkan bí ìdajì mílíọ̀nù ènìyàn ní Nàìjíríà láàárín oṣù díẹ̀. Ẹ wo ọ̀nà tí ó gbà: ọkọ̀ ojú omi, èbúté, reluwé, ọjà. Ọ̀nà òwò àwọn bàbá wa gan-an ni.

Ìyá tó ń kó ọjà lọ sí Accra nígbà yẹn kò mọ ohun tó ń jẹ́ ínṣọ́ránsì. Ará ilé àti ará ìlú rẹ̀ ló mọ̀. Yorùbá kì í dá nìkan kojú irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Kódà inú àjàkálẹ̀ yẹn ni ẹgbẹ́ àdúrà tí wọ́n wá ń pè ní Òkúta Iyebíye ti jáde ní Ìjẹ̀bú-Òde.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1970, onígbáméjì wọ Guinea. Kí ọdún náà tó parí, ó ti gba etíkun dé Nàìjíríà. Àwọn tó ń rìn nígbà yẹn rántí káàdì abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń béèrè ní ẹnubodè. Ní ọdún 1973, ìpàdé Àjọ Ìlera Àgbáyé yọ abẹ́rẹ́ onígbáméjì kúrò nínú òfin ìrìn-àjò, nítorí pé abẹ́rẹ́ náà kò lè dá àrùn yẹn dúró ní ẹnubodè. Ní ọdún 1980 wọ́n kéde pé ìgbóná ti parí láyé, abẹ́rẹ́ tirẹ̀ náà sì kúrò nílẹ̀. Abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú ló kù nínú káàdì aláwọ̀ ìyeyè tí a ń mú kiri. Síbẹ̀, ẹni tó ti gba ọ̀nà wa yìí mọ̀ pé bí àrùn bá tilẹ̀ lọ, owó tí wọ́n ń gbà nítorí rẹ̀ kì í tètè lọ. Ẹni tí kò bá ní káàdì lọ́wọ́ a máa sanwó láìgba rìsíìtì.

Lẹ́yìn náà ni Ebola. Ní ọjọ́ 20 oṣù keje ọdún 2014, arìnrìn-àjò kan láti Liberia gba Lomé bá ọkọ̀ òfuurufú wọ Èkó pẹ̀lú àrùn náà. Ogún ènìyàn ló mú ní Nàìjíríà, mẹ́jọ kú, Dókítà Ameyo Stella Adadevoh sì wà lára àwọn tó kú lẹ́yìn tó ti kọ̀ kí aláìsàn náà jáde nílé ìwòsàn. Ní oṣù kẹwàá ọdún náà ni wọ́n kéde pé Nàìjíríà ti bọ́. Côte d'Ivoire níhìn-ín ti ẹnubodè rẹ̀ pẹ̀lú Guinea àti Liberia ní oṣù kẹjọ ọdún 2014. Ẹ̀rù bà wá pé ọ̀nà ilé tiwa ló kàn. Ìgbà yẹn ni ẹgbẹ́ wa dá àpò ìrìn-àjò sílẹ̀, tí ilé kọ̀ọ̀kan ń dá 500 CFA lóṣooṣù.

ÌDÍ TÍ OWÓ FI GA

Kí n tó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àpò náà, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé iṣẹ́ ínṣọ́ránsì bó ṣe yé mi. Kò jìnnà sí èsúsú wa. Ọ̀pọ̀ ènìyàn dá owó, ẹni tí ibi bá bá nìkan ló kó o. Ó ń ṣiṣẹ́ nítorí pé ibi kì í bá gbogbo ènìyàn lọ́jọ́ kan náà. Àjàkálẹ̀ àrùn ba ìṣirò yẹn jẹ́, nítorí gbogbo olùdáwó ló fẹ́ kó o lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ínṣọ́ránsì lágbàáyé fi kọ ọ́ sínú ìwé wọn, pàápàá lẹ́yìn àrùn SARS ti ọdún 2003, pé àwọn kò ní sanwó fún àjàkálẹ̀.

Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹta ọdún 2020, Àjọ Ìlera Àgbáyé pe kòrónà ní àjàkálẹ̀ àgbáyé. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, Togo, Ghana àti Côte d'Ivoire ti ti ẹnubodè. Ti ilẹ̀ Nàìjíríà ti wà ní títì láti oṣù kẹjọ ọdún 2019 nítorí ọ̀rọ̀ fàyàwọ́. Nígbà tí ọkọ̀ òfuurufú tún bẹ̀rẹ̀ sí í fò, àwọn iléeṣẹ́ kan gbé ínṣọ́ránsì tó kan kòrónà jáde, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ga ju ti àtijọ́ lọ, ti àgbàlagbà sì ga jù. Dọ́là ni wọ́n fi ń ṣírò ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀. Dọ́là tí báńkì ìjọba Nàìjíríà ń ṣírò ní ₦306 di ₦360 ní oṣù kẹta ọdún 2020, ó sì di nǹkan bí ₦380 ní oṣù kẹjọ. Ẹni tó ń fi náírà sanwó rí i pé iye kan náà ti wọ́n sí i.

Owó àyẹ̀wò tún gun orí rẹ̀. Nígbà tí pápákọ̀ òfuurufú Accra ṣí ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án ọdún 2020, dọ́là 150 ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ẹni kọ̀ọ̀kan tó bá balẹ̀ kí wọ́n tó yẹ̀ ẹ́ wò. Ìdílé ẹni márùn-ún tí ọmọ wọn ti dàgbà yóò san 750. Lẹ́yìn náà ni wọ́n dín ti ọmọ ECOWAS kù sí dọ́là 50. Ní Èkó, àyẹ̀wò ní ilé àyẹ̀wò aládàáni tó nǹkan bí ₦50,000 lórí ẹnì kan. Ti ẹni márùn-ún jẹ́ ₦250,000, nígbà tí owó oṣù òṣìṣẹ́ tó kéré jù ní Nàìjíríà nígbà yẹn jẹ́ ₦30,000. Ó ju owó oṣù mẹ́jọ lọ, a kò sì tíì san owó ọkọ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2021, àwọn olórí ECOWAS fẹnu kò pé owó àyẹ̀wò kò gbọdọ̀ ju dọ́là 50 lọ.

ÀGA ÀTI ÌBÒRÍ

Wàyí o, àṣìṣe tèmi. Láti ọdún 2016 ni ẹnu ti ń kùn nípa àpò ìrìn-àjò. Ebola ti lọ, wọ́n ní owó náà kàn jókòó lásán ni. Ní ìpàdé oṣù kìíní ọdún 2020, wọ́n dábàá pé kí a fi ra àga àti ìbòrí tí a ó máa lò níbi ìnáwó. Èmi ni alága. Mo mọ ìdí tí a fi dá àpò náà, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí inú ìpàdé dùn. Mo fọwọ́ sí i. A ra àga 200.

Ní oṣù kejì, ọ̀kan nínú àwọn ìyá ẹgbẹ́ wa kó ọmọ mẹ́ta lọ sin bàbá rẹ̀ nílé. Ó ra ínṣọ́ránsì kí ó tó lọ, kò ṣe àìbìkítà. Nígbà tó ń bọ̀, Lomé ni ẹnubodè tì mọ́ ọn. Ó pe iléeṣẹ́ tó ta ínṣọ́ránsì fún un. Wọ́n ní ara rẹ̀ le, ẹnubodè tó tì kì í ṣe àìsàn, àjàkálẹ̀ kò sì sí nínú ohun tí àwọn ń san. Ó pe èmi náà. Mo wo ìwé owó, ohun tó kù nínú àpò kò tó owó ilé oṣù kan. A kó owó jọ láàárín ara wa, a fi ránṣẹ́. Àwọn ọmọ Yorùbá tó wà ní Lomé ló fún un ní yàrá, Ọlọ́run yóò san án fún wọn.

Oṣù kẹsàn-án ló tó bá ọkọ̀ òfuurufú dé. Ó tún ra ínṣọ́ránsì tuntun ní ohun tó ju ìlọ́po méjì iye àkọ́kọ́ lọ, ó sì san owó àyẹ̀wò. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ní ìpàdé tó kọ́kọ́ wá, ó jókòó sórí ọ̀kan nínú àwọn àga yẹn. Kò bú ẹnikẹ́ni. Ó kàn ní, "Alága, àga yìí tutù lábẹ́ ẹni." Títí di òní ni mo ń gbọ́ ọ.

OHUN TÍ MO Ń BẸ̀BẸ̀ FÚN

Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde ní ọjọ́ 5 oṣù karùn-ún ọdún 2023 pé pàjáwìrì kòrónà ti parí. Ẹ̀rù ti kúrò, irú àkókò báyìí gan-an ni a sì máa ń gbàgbé. Ohun mẹ́ta ni mo ń mú wá síwájú ìpàdé gbogboogbò.

Èkínní, kí àpò ìrìn-àjò padà, 1,000 CFA lóṣooṣù lórí ilé kọ̀ọ̀kan. Kí ó ní àkáǹtì tirẹ̀, kí akápò, ìyálóde àti olórí ọ̀dọ́ jọ máa fọwọ́ sí i. Kí alága má lè dá a ná, tó fi mọ́ èmi.

Èkejì, n kò ní kí ẹnikẹ́ni má ra ínṣọ́ránsì. Owó ilé ìwòsàn ńlá kọjá agbára ẹgbẹ́. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó sanwó, ẹ gbé ìwé náà wá bá akọ̀wé wa, kí ó ka ojú ewé tí wọ́n kọ ohun tí wọn kò ní san sí fún yín. Lẹ́tà ibẹ̀ a máa kéré. Oúnjẹ, ibùsùn àti àyẹ̀wò ni àpò tiwa yóò gbé.

Ẹ̀kẹta, kí a ní orúkọ àti nọ́ńbà àwọn ẹgbẹ́ Yorùbá ní Cotonou, Lomé àti Accra lọ́wọ́, kí ẹni tó bá ń rìnrìn-àjò sì fi orúkọ sílẹ̀ kó tó gbéra.

Àwọn àga wà níbẹ̀, wọ́n sì wúlò. Ẹ jẹ́ kí a jókòó lé wọn lórí ní ìpàdé tó ń bọ̀, kí a fi ẹnu kò sórí ọ̀rọ̀ yìí. Ọlọ́run yóò máa ṣọ́ àlọ wa, yóò sì máa ṣọ́ àbọ̀ wa. Àṣẹ.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Alága Ẹgbẹ́